Ohun Tí Ríìmù Ínṣì 19 Fi Ojú Mi Rí

₦420,000 ni mo kà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 2022, owó ríìmù mẹ́rin pẹ̀lú táyà lára wọn. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí mo fi lò wọ́n. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, wọ́n fi òòlù lu fẹ́ńdà ọkọ̀ mi, mo sanwó bálánsì nígbà mẹ́rin, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ dànù lójú títì tòun ti ìyàwó mi àti ọmọ wa nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ojú yín ń wọ ríìmù tó ń dán báyìí, ẹ jókòó tì mí díẹ̀ ná.

Volkswagen Golf GTI ni ọkọ̀ mi, ti ọdún 2007, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní Golf 5. Tókúnbọ̀ ni. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lítà 2.0 tó ní tọ́bò ló wà nínú rẹ̀, agbára ẹṣin 200. Wọ́n máa ń ki ìlú wa pé Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Èmi ò ní ẹṣin, n ò sì mọ̀ ọ́n gùn, ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá Gérí Alímì tí mo sì kọjú sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo tẹ tọ́tù, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé igba ẹṣin ló ń fà mí lọ.

Ríìmù ínṣì 17 ló bá wá láti òkè òkun. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, àfi pé etí wọn ti họ tí àwọ̀ wọn sì ti ṣì. Mo ń fọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan ní Táńkẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan yí i po, ó mi orí, ó ní: "Ọ̀rẹ́, agbádá lo dá fún mọ́tò yìí, sílípáàsì lo wá fi sí i lẹ́sẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Yìgì àbúrò mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà, èmi ni mo sì máa fi ọkọ̀ gbé ìyàwó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàtà ọkọ̀ mi lójú àlá.

Fọ́tò ni mo fi rà wọ́n. Ọkùnrin tó ń tà á fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù mi: ríìmù dúdú, etí wọn ń dán bí abọ́ tánganran, ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Mo bi í pé ínṣì mélòó ni. Mo bi í pé èló ni jálẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ti kun ún rí. Ìbéèrè tí mo bi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa mí: "Ihò márùn-ún ni Golf, ihò márùn-ún ni èyí, ó máa wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́." Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, mo sanwó, mo kó wọn dé. N ò yí ẹ̀yìn ọ̀kankan wò.

Ẹ̀yìn ríìmù ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Iwájú rẹ̀ kò jù ẹwà lọ. Bí ẹ bá dojú ríìmù délẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n yọ jáde lára irin rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn tèmi, tí mo kọ́kọ́ kà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo ti ń lò ó, ni 8.5J x 19, ET35, 5x112. Ìbú rẹ̀ nìyẹn, gíga rẹ̀, bó ṣe jìn sí àárín tó, àti bí ihò bọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe tò. Ìwọ̀n kan tún wà tí wọn kì í sáábà kọ, ìyẹn fífẹ̀ ihò ńlá àárín. Ẹ máa rántí ihò yẹn, torí òun ló jẹ mí níyà jù.

5x112 túmọ̀ sí pé ihò bọ́ọ̀tù márùn-ún ló wà, àti pé tí ẹ bá fa òbìrípo kan gba àárín gbogbo wọn kọjá, yóò fẹ̀ tó mílímítà 112. Ibi yìí nìkan ni orí ti kó mi yọ, torí 112 ni Golf 5 ń lò. Golf 4 tó ṣáájú rẹ̀ ń lo 100, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ yá ríìmù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní Golf 4, asán ló ń ṣe. Camry, Accord àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànù ń lo 114.3. Ìyàtọ̀ 112 sí 114.3 ò ju mílímítà 2.3 lọ, ojú lásán ò lè rí i. Mo ti rí ẹni tó fi sípánà gígùn fipá mú un wọlé. Bọ́ọ̀tù wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wọlé ní wíwọ́, ohun tó bá sì wọ́ lábẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré, kò ní pẹ́ tó fi máa sọ tẹnu ẹ̀.

ET ni n ò mọ̀ rárá. Èdè Jámánì ni wọ́n ti mú un. Ó ń sọ bí ibi tí ríìmù ti fara ti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín tí wọ́n ń de ríìmù mọ́ lára ọkọ̀, ṣe jìn sí ìlàjì ìbú rẹ̀ tó. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí ni ríìmù ń jáde síta sí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀, ó rọrùn. Ríìmù tó bá ọkọ̀ mi wá fẹ̀ ní ínṣì 7, ET54. Ìlàjì ínṣì 7 jẹ́ mílímítà 88.9. Ẹ yọ 54 níbẹ̀, ó ku nǹkan bíi 35. Ti tuntun fẹ̀ ní ínṣì 8.5, ET35. Ìlàjì 8.5 jẹ́ 108. Ẹ yọ 35, ó ku 73. Mílímítà 38 nìyẹn tí etí ríìmù tuntun fi yọ síta ju ti àtijọ́ lọ, ìbú ìka méjì tó sanra. Inú lọ́hùn-ún ńkọ́? Ẹ wá fi ET kún ìlàjì dípò kí ẹ yọ ọ́: 143 ni tàtijọ́, 143 ni tuntun. Ìyẹn ni pé gbogbo sísanra tó sanra, ìta ló sanra sí, lábẹ́ fẹ́ńdà. Ìṣirò yìí ò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nígbà tí mo wá ṣe é. Ká ní mo ṣe é kí n tó lọ Ìbàdàn ni.

Bàbá kan tó ń ṣe táyà ní Gàá Àkànbí ló bá mi de wọ́n. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ó fi ọwọ́ yí bọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ wọlé, ó dúró, ó tú u, ó tún wò ó. Ó ní: "Ọmọ mi, bọ́ọ̀tù yìí ò jókòó."

Mo ní: "Bàbá, ẹ ṣáà fún un kó le."

Ó tún ní: "Mo ní kò jókòó."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, aago méjìlá ti kọjá, mo fẹ́ tètè dé mọ́ṣáláṣí, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ọkọ̀ mi níbẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó fún un. Ó gorí sípánà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Bí àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ bá dákẹ́ báyẹn, kì í ṣe pé ẹ ti borí rẹ̀.

Ọjọ́ yìgì dùn. Wọ́n ya ríìmù ní fọ́tò ju ìyàwó lọ. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Lọ́jọ́ kejì tí mo gbé àwọn àlejò méjì sẹ́yìn lọ sí Ọ̀fà Gáréèjì, a dé orí bọ́ọ̀m̀pù, mo sì gbọ́ ohùn kan: gẹ̀rẹ̀rẹ̀. Táyà ń ha fẹ́ńdà. Gbogbo bọ́ọ̀m̀pù, gbogbo kòtò, gẹ̀rẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òkúta tí àwọn èèyàn ti ń lọ irin láyé àtijọ́ ni ìlú wa fi ń jẹ́ Ìlọrin. Ọkọ̀ tèmi náà ń lọ irin tirẹ̀ káàkiri ìlú, láìgba kọ́bọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà kan ní kí n má ṣèyọnu, ó fi òòlù lu etí fẹ́ńdà inú kó tẹ̀ sókè. Ariwo náà dín kù. Pẹ́ńtì ibẹ̀ sán. Nígbà tí òjò dé, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń bá a fà á títí dòní.

Gbígbọ̀n ló tẹ̀lé e. Láàárín ìgboro, kò sóhun tó ṣe ọkọ̀. Tí mo bá kọjá Èyẹnkọ́rìn tí mo sì fi sí kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí ibà ń ṣe. Tó bá kọjá 110, yóò dín kù díẹ̀. Mo lọ ṣe bálánsì. Ẹ̀rọ fi òdo hàn lápá ọ̀tún, òdo lápá òsì, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà dọ́gba. Mo gba ojú títì, ó tún gbọ̀n. Mo lọ sí ibòmíràn, òdo. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òdo. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo bá ọmọkùnrin tó ń ṣe é jà, mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ò bàjẹ́.

Mo lọ sísọmọlórúkọ kan ní Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa. A kọjá Gánmọ̀, a kọjá Àmọ̀yọ̀. Nígbà tí a sún mọ́ Ìdófìan, mo ń gbọ́ kù, kù, kù lápá òsì iwájú. Mo rò pé òkúta ló há sí táyà. Kù, kù, kù náà ń yá sí i bí mo ṣe ń yára. Ìyàwó mi ní kí n dúró. Mo ní ó ku díẹ̀. Ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wá mì lọ mì bọ̀ lọ́nà tí kò mì rí, mo sì rọra yà sẹ́bàá títì.

Bọ́ọ̀tù márùn-ún ló yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ náà. Mẹ́rin ni mo bá. Nínú mẹ́rin yẹn, ìka lásán ni mo fi yí méjì. Mo jókòó sórí koríko. Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi Golf náà, mo sì ń ro ibi tí à bá wà ká ní a pàdé akẹ́rù yẹn nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ. Ìyàwó mi gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀, ó dúró tì mí, ó wo ríìmù, ó wo mí. Ó ní: "Ṣé òun nìyí?" Kò tún sọ ohunkóhun títí a fi dé Ọ̀fà. Mo yọ bọ́ọ̀tù kan lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi dí ti iwájú, mo fún gbogbo rẹ̀ le, mo sì wà á ní kìlómítà 40 lọ, mo ń dúró fún un le ní gbogbo ìgbà tí ọkàn mi bá ti já.

Mẹkáníìkì kan tó mọ ọkọ̀ Jámánì dáadáa ló là mí lójú lọ́jọ́ Ajé. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, ó mú bọ́ọ̀tù kan lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ pa abẹ́ orí rẹ̀." Mo fọwọ́ pa á. Ó yípo bí ikùn ọsàn. Bí Volkswagen ṣe ń ṣe bọ́ọ̀tù rẹ̀ nìyẹn, kó lè jókòó sínú ihò tó yípo bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wá fọwọ́ pa ẹnu ihò ríìmù. Ẹnu ihò náà dà wálẹ̀ gbọọrọ bí ẹnu àrọ tí wọ́n fi ń da epo. Ọ̀pọ̀ ríìmù tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló rí báyẹn. Ẹ gbé ọsàn sínú àrọ kí ẹ wò ó: ibi tóóró kan ṣoṣo ló ti máa fara kàn án. Bí ẹ ti wù kí ẹ fún un le tó, orí ibi tóóró yẹn ló dúró lé, tí ọkọ̀ bá sì ti ń mì, yóò máa tú díẹ̀díẹ̀. Ohun tí Bàbá Gàá Àkànbí rí láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Kò jókòó.

Bọ́ọ̀tù tó yẹ ríìmù náà ni M14x1.5 (ó sanra ní mílímítà 14, eyín rẹ̀ sì jìnnà síra ní 1.5) tí abẹ́ orí rẹ̀ dà wálẹ̀ bí àrọ, ìwọ̀n ìdàwálẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 60. Gígùn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì, torí ibi tí ríìmù tuntun ti fara ti họ́ọ̀bù lè nípọn ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé kí ẹ máa kà á. Bí kò bá yí tó ìgbà mẹ́jọ kó tó kan, kò gùn tó. Bó bá sì gùn jù, ó lè kan ohun tó wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ fọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lórí jáàkì kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Níti fífún, Newton-mítà 120 ni Volkswagen kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ yìí. Sípánà tó ń ka agbára ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó sanra. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún fún un le. Mo ti ra sípánà náà fún ara mi báyìí, ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí a ń kó ẹrù sí, ló wà.

Ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n wá kù. Mẹkáníìkì náà gbé ríìmù kọ́ họ́ọ̀bù láìde bọ́ọ̀tù kankan, ó ní kí n wo àárín. Họ́ọ̀bù Golf mi fẹ̀ ní mílímítà 57.1. Ihò àárín ríìmù náà fẹ̀ ní 66.6, ìwọ̀n tí Mercedes ń lò. Ó fi igi ìṣáná méjì bọ àlàfo tó wà láàárín wọn, wọ́n wọlé láìfi ara kan ara wọn. Họ́ọ̀bù ló yẹ kó fi ríìmù sí àárín gan-an, bọ́ọ̀tù kàn ń dè é mọ́ ọn ni. Tèmi ò ní ohun tó fi í sí àárín. Ibi tí bọ́ọ̀tù tí ò jókòó bá tì í sí ló ń lọ. Ìdí tí ẹ̀rọ bálánsì fi ń sọ pé òdo nìyẹn: ihò àárín ríìmù ni ẹ̀rọ yẹn fi ń gbé e kọ́, ó sì ń mú un sí àárín dáadáa. Orí ẹ̀rọ, ríìmù dára. Lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ó ti yẹ̀. Mo padà lọ bẹ ọmọkùnrin tí mo bá jà.

Oògùn rẹ̀ ni òrùka. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìta rẹ̀ jẹ́ 66.6, tí inú rẹ̀ jẹ́ 57.1, tí yóò dí àlàfo náà pa. Ti ike wà, ti alumíníọ̀mù wà. ₦12,000 fún mẹ́rin ni mo ra ti alumíníọ̀mù láti Èkó, bọ́ọ̀tù ogún sì jẹ́ ₦30,000. Lọ́jọ́ tí a dè wọ́n, mo wa ọkọ̀ náà dé Ọ̀tẹ̀ ní kìlómítà 100. Ọwọ́ ìtọ́kọ̀ dákẹ́ bí ọmọ tó sùn. Wàláì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ò sáré mọ́ bó ṣe ń sáré, n ò sì mọ ìdí rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín ládùúgbò wa ní òṣùwọ̀n ńlá. Mo gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kan lọ pẹ̀lú táyà rẹ̀, kílò 20. Mo gbé ti tuntun, kílò 25. Obìnrin náà bi mí pé èló ni kílò kan. Kílò márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí i kó tó lọ, kí bíréèkì sì dá a dúró, kí sípíríńgì máa gbé e sókè sódò ní gbogbo kòtò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n di òkúta mọ́ igba ẹṣin wọ̀nyẹn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó mọ eré ọkọ̀ ní tòótọ́, fífúyẹ́ ni wọ́n ń náwó lé lórí. Àwọn Rays ní Jàpáànù gbé ríìmù kan jáde lọ́dún 1996 tí wọ́n pè ní TE37, torí pé ti ínṣì 15 rẹ̀ wọn kílò 3.7 péré. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Èmi fi dídán ra tèmi.

Táyà tó bá wọn wá náà, n ò yẹ̀ ẹ́ wò. Lára táyà kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí ibi tí wọ́n kọ DOT sí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tèmi kọ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Mo san owó gọbọi lórí táyà ọdún mẹ́jọ. Nọ́ńbà kan tún wà lẹ́yìn ìwọ̀n táyà tó ń sọ ẹrù tó lè gbé. Ti àtijọ́ jẹ́ 91, kílò 615 fún táyà kan. Ti tuntun jẹ́ 87, kílò 545. A ti kó èèyàn mẹ́rin àti àpò ìrẹsì méjì sínú ọkọ̀ yẹn rí.

Kòtò ló parí ẹ̀. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, omi bo kòtò kan mọ́lẹ̀, mo kó sí i. Táyà 225/45, ìyẹn èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 225 tí gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà, tó wà lórí ínṣì 17 ga ní mílímítà 101 láti etí ríìmù dé ilẹ̀. 235/35 tó wà lórí ínṣì 19 ga ní 82. Mílímítà 19 tó fò yẹn ni tímùtímù tó yẹ kó gba ìyà náà. Mo gbọ́ gbàm̀! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tàn án ní tọ́ọ̀ṣì, n ò rí nǹkan kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ kejì, gbogbo àárọ̀ ni táyà yẹn ń rọ̀. Wọ́n kì í sínú omi, wọn ò rí ihò.

Mo ti pinnu láti pààrọ̀ táyà ogbó náà, mo sì ní kí wọ́n bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kó ríìmù lásán sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi ní Pákátà. Ìyá mi kì í ra ìkòkò láìkàn án. Bí wọ́n bá lọ sí Ẹ̀bu Dàda lọ ra àmù, wọ́n á fi ìka kan án kó, kó, wọ́n á dẹtí sí i. Èyí tó bá dún bí agogo ni wọ́n ń rà. Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n bi mí pé kí lèyí. Mo ní bàtà ọkọ̀ ni, Màmá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi òrùka ọwọ́ wọn kan èkíní, ó dún. Èkejì dún. Ẹ̀kẹta dún. Ẹ̀kẹrin ní kpọ́.

"Èyí ti sán."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní irin ni, Màmá, kì í ṣe amọ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́ kí n wò ó dáadáa. Mo po ọṣẹ mọ́ omi lọ́la rẹ̀, mo ní kí Bàbá Gàá Àkànbí so táyà mọ́ ọn padà, a fọ́n afẹ́fẹ́ sí i, a da omi ọṣẹ sí inú lọ́hùn-ún, ní ẹ̀yìn, níbi tí ojú kì í dé. Fóòmù yọ lójú ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, gígùn rẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Bàbá wò mí, ó ní: "Ta ló rí i?" Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Wẹ́dà kan ní òun á jó o ní ₦8,000. Ó lè jó o lóòótọ́, a ó sì kùn ún tí ojú ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n irú ríìmù yìí, wọ́n máa ń fi ooru tí wọ́n wọ̀n dáadáa sè é lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán, kó lè le. Iná wẹ́dà á ba sísè yẹn jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó, yóò sì sán níbẹ̀ padà, bóyá ní ọ̀nà Ọ̀fà. Ọkùnrin kan fẹ́ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ₦150,000, mo fi ìlà náà hàn án, ó ní òun á jó o. Mo ta mẹ́ta fún un ní ₦90,000. N ò ta ẹ̀kẹrin. Ó ní mo ya wèrè.

Ohun tí mo wá rà lẹ́yìn náà, mo kọ́kọ́ gbé ìwé àti téèpù dání. Ríìmù Audi A3 ni, ínṣì 17, ìbú 7.5, ET56, 5x112, ihò àárín 57.1. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló bí òun àti Golf 5, nítorí náà bọ́ọ̀tù mi àtijọ́ jókòó sínú rẹ̀, kò gba òrùka kankan. Ẹ má rò pé gbogbo Audi ló rí bẹ́ẹ̀ o: A4 tó jáde láti 2008 ti fẹ ihò àárín tirẹ̀. Mo ṣe ìṣirò etí rẹ̀: mílímítà mẹ́rin péré ló fi yọ síta ju ti àtijọ́. Kí n tó sanwó, mo ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ ká gbé wọn sórí ẹ̀rọ bálánsì láìsí táyà, kí ẹ̀rọ máa yí, kí n máa wo etí inú, torí ibẹ̀ ni kòtò ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ń jó díẹ̀, ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo wá fi òrùka ìgbéyàwó mi kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń ra ìkòkò. ₦180,000 ni, mo sì kùn wọ́n sí àwọ̀ eérú.

Ọ̀rẹ́ mi tó sọ̀rọ̀ sílípáàsì rí wọn, ó ní wọn ò dán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ríìmù kan tó kù wà ní Pákátà. Ìyá mi dojú rẹ̀ délẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àmù tuntun wọn lé e lórí. Wọ́n ní orí òkúta mẹ́ta tó wà tẹ́lẹ̀, àmù máa ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n orí èyí, kò gbọ̀n rárá.